Apá Òsì La Máa Ń Fún Ajá

Tí ẹ bá pàdé Orvella Tinsley fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ó rò pé ó ń bá yín jà. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Á ní kí ẹ jókòó, ẹ ó sì jókòó kíákíá kí ọ̀ràn má baà dé. Á gbé oúnjẹ síwájú yín, á ní, "Ẹ jẹ ẹ́ o, ẹ fi sílẹ̀ o, ìyẹn kàn yín," bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹ ti wá ìjàngbọ̀n nìyẹn. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ibi tí orin bá ti yẹ kó rọlẹ̀ ni tirẹ̀ ti máa ń gòkè, olórí akọrin á wá dijú bí ẹni tí eyín ń dùn. Èmi àti ẹ̀ jọ dúró nídìí tábìlì kan náà ní ilé iṣẹ́ ẹja àrọ̀ fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, à ń gé orí ẹja, à ń la ikùn ẹja. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká gbọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi Orvella.

Ìlú wa, Cutler Ferry, wà létí odò ní Alabama. Ìsàlẹ̀ Odò làwa aláwọ̀ dúdú ń gbé. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Odò, ẹ ní kó ká ọwọ́ aṣọ òsì rẹ̀ sókè. Ojú eyín ajá ọlọ́pàá ò ní ṣàìsí níbẹ̀. Mo ní tèmi, Orvella ní tirẹ̀, ìyá mi gbé tirẹ̀ wọ sàréè.

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa. Tí wọ́n bá tú ajá sí ọ, má sá, torí ajá á bá ọ. Má lu ajá, torí ọlọ́pàá á yìnbọn. Na apá òsì sí i kó rí nǹkan dì mú, kí o fi apá ọ̀tún pa mọ́ sábẹ́ àyà. Apá ọ̀tún ló ń di ọ̀bẹ mú nílé iṣẹ́ ẹja, ẹni tí kò bá sì lè di ọ̀bẹ mú kò ní jẹun. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ pé kó wo ọ̀tún wo òsì kó tó sọdá títì náà la ṣe ń kọ́ ọ ní eléyìí. Tẹ́rìn-ín tẹ́rìn-ín la fi ń kọ́ wọn nígbà míì, ẹnì kan á ṣe ajá, á máa gbó, ọmọ á na apá. Inú ń bí mi gan-an tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Orvella bí, Lavon ni orúkọ rẹ̀, ọlọ́wọ́ òsì sì ni. Nígbà tó wà ní kíláàsì kejì, tíṣà kan ń fi rúlà gbá ọwọ́ òsì yẹn pé kó máa fi ọ̀tún kọ̀wé. Orvella gbọ́, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà òjò ilé iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹja wà lára aṣọ rẹ̀, ó wọ kíláàsì lọ.

"Ta ló fún ọmọ yìí ní ọwọ́ òsì?" ló bi tíṣà.

Tíṣà ní, "Ìyáàfin Tinsley, ẹ fara balẹ̀."

"Mo ní ta ló fún un?"

"Ó… Ọlọ́run ni, mo rò."

"O ṣeun. Lọ fi rúlà ẹ gbá Ọlọ́run."

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó tún da ọwọ́ òsì Lavon láàmú. Ọwọ́ yẹn náà ló wá di ọwọ́ tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Odò ń tò sí lọ́jọ́ Sátidé, torí iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni Lavon kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dé góńgó. Orí pásítọ̀ wa rí gbágungbàgun, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ṣùgbọ́n tí Lavon bá gẹ̀ ẹ́ fún un tán, orí náà á jọjú débi pé èèyàn á fẹ́ gba Jésù lẹ́ẹ̀kejì. Orvella kì í yin ẹnikẹ́ni lójú, àmọ́ mo ti rí i tó dúró níta ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀, tó ń wo inú láti ojú wíńdò, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀sán Sunday kan ni nǹkan bàjẹ́. Lavon wa mọ́tò rẹ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Dockery tẹ̀ lé e dé iwájú ilé. Ó ní iná ẹ̀yìn mọ́tò kan ò tàn. Èmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní òdìkejì títì, mò ń bó ẹ̀wà tútù. Mo rí gbogbo rẹ̀. Lavon sọ̀kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Dockery ní kó dọ̀bálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé ó ti parí ni Dockery ṣílẹ̀kùn mọ́tò, tó tú ajá sílẹ̀.

Orvella ti jáde, ó di ṣíbí ìdáná mú. Ó pariwo, "Apá òsì! Lavon, apá òsì!"

Kí n má purọ́ fún yín, tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ohun témi náà ì bá pariwo nìyẹn. Èèyàn kì í dúró rò ó nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa kí a tó dáyé. Ajá bu Lavon jẹ ní apá òsì, kò sì fi í sílẹ̀, Dockery náà ò pè é. Ó dúró tì wọ́n, ó ń wo iṣẹ́ ajá rẹ̀. Ìgbà tó wá pè é, mi ò lè wo apá yẹn mọ́.

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá pé Lavon ta ko ìmúni. Nígbà tó yá, wọ́n fagi lé ẹ̀sùn yẹn láìtọrọ àforíjì. Àwọn dókítà iṣẹ́ abẹ ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n ìka Lavon méjì ò ká mọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ò sì mọ nǹkan tó dì mú. Ó gbìyànjú láti gẹ irun pásítọ̀. Kílípà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó he é, ó tún já bọ́. Pásítọ̀ ní kò burú. Ọjọ́ yẹn ni Lavon ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Orvella ò wá sí ẹgbẹ́ akọrin mọ́. Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ìbànújẹ́ apá ọmọ rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni, àmọ́ èmi mọ ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn. Ó bi mí lọ́jọ́ kan nínú ọgbà rẹ̀, kò wojú mi.

"Pearlie, ṣé o rò pé ó gbọ́ mi?"

"Gbọ́ kí ni?"

"O mọ ohun tí mò ń sọ."

Mo ní, "Ajá ń gbó, Dockery ń kígbe. Báwo ló ṣe máa gbọ́ ọ?"

"O máa ń gbọ́ mi nílé iṣẹ́ ẹja."

Lavon fúnra rẹ̀ ní òun ò rántí nǹkan kan láti ìgbà tí òun ti dọ̀bálẹ̀. Orvella di ìyẹn mú. Àdúrà rẹ̀ ni pé kó máà rántí rẹ̀ láéláé.

Lavon pe Dockery àti ìjọba ìlú wa lẹ́jọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni lọ́yà tó gba ẹjọ́ náà, Renita Cobb lorúkọ rẹ̀. Adájọ́ ti kọ́kọ́ yọ Dockery kúrò nínú ẹjọ́. Ó ní kò sí ẹjọ́ àtijọ́ kan tó ti sọ fún ọlọ́pàá pé irú ohun tó ṣe gẹ́lẹ́ yìí kò dára, nítorí náà kò lè mọ̀. Mo bi Lọ́yà bóyá ó di ìgbà tí ajá bá ti bu ẹlòmíì jẹ ní títì wa, lọ́jọ́ Sunday, níwájú ìkòkò ẹ̀wà mi, kí wọ́n tó gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú.

"Ìlú ló kù, Ma," ló wí. "Ìlú ò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò ní kí ìlú sanwó nítorí pé ọlọ́pàá rẹ̀ kan ṣìwà hù. Àfi tí a bá fi hàn pé àṣà ìlú náà ni, pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, tí àwọn ọ̀gá sì mọ̀."

Idella, àbúrò Orvella, bú sẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é kẹ̀? Ọmọ, béèrè lọ́wọ́ ògiri."

"Ògiri ò lè jẹ́rìí, Ma. Ẹnikẹ́ni ò fẹjọ́ sùn rí. Gbogbo ìwé tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní ẹni tí wọ́n mú ló ń jà."

Nínú ilé ìdáná Orvella la ti ń sọ ọ́, a ń jẹ ẹja díndín àti ẹ̀fọ́. Ooru mú, gbogbo wa ká ọwọ́ aṣọ sókè. Mo rí i tí ojú Lọ́yà kúrò lára oúnjẹ, tó lọ sí apá mi bí mo ṣe na ọwọ́ mú iyọ̀, tó lọ sí ti Idella, tó lọ sí ti Orvella.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ma, kí ló dé tó jẹ́ òsì ni ti gbogbo yín?"

A wo ara wa. Ó dà bí ìgbà tó bi wá pé kí ló dé tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn. Idella ló ṣàlàyé fún un, ó tiẹ̀ dìde, ó ṣe bí ajá, ó sì na apá. Ṣíbí ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá wa."

"Ṣé ẹ sì ti kọ́ àwọn ọmọ yín?"

"Ṣé ká wá jẹ́ kó jẹ ọ̀tún wọn ni?"

Lọ́yà ní, "Ìlú ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹlẹ̀, pé àṣìṣe ni. Ta ló ń kọ́ ọmọ ọwọ́ ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré? Ẹ máa sọ eléyìí ní kóòtù. Sístà Orvella, ẹ̀yin gan-an lẹ máa sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ Lavon."

Orvella gbé àwo rẹ̀, ó jáde sí ọgbà. Mo tẹ̀ lé e. Ó ti da oúnjẹ nù fún adìyẹ, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí láyé mi. "Mo bá tíṣà jà nítorí ọwọ́ yẹn," ló wí. "Èmi náà ni mo wá fà á lé ajá lọ́wọ́. Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, Pearlie. Màá sọ pé a máa ń kọ́ wọn. Mi ò ní sọ pé mo pariwo."

Ìlú fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà nílé. Wọ́n á san nǹkan, ṣùgbọ́n wọn á kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ò ṣe àìdáa kankan. Orvella bẹ ọmọ rẹ̀ kó gbà á. Lavon ní, "Màmá, mi ò bínú torí owó. Kí wọ́n sọ pé àwọn ni. Tí wọ́n bá sọ ọ́, mo ti gbà." Orvella ò lè sọ ìdí tó fi ń bẹ̀ ẹ́ fún un.

Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, a jókòó nínú àga ẹlẹ́rìí níkọ̀ọ̀kan, a ká aṣọ sókè. Èmi ti jẹ́rìí tèmi, ọ̀rọ̀ apá mi nìkan ni wọ́n bi mí, wọ́n wá ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni Haskell, lọ́yà ìlú, kì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ pé kálukú ní ẹjọ́ tirẹ̀, pé ìlú ò lè jẹ̀bi nítorí àpá àtijọ́. Nígbà tó kan Orvella, ó sọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ, ó sọ ọ́ dáadáa, ó sì dákẹ́ síbi tó ti ní òun máa dákẹ́ sí. Mo rí Lọ́yà Cobb tó jókòó, inú rẹ̀ dùn.

Haskell dìde. Ó ní kí wọ́n gbé àwòrán tí kámẹ́rà àyà Dockery gbà jáde. Bí kámẹ́rà yẹn ṣe ń ṣe nìyí: ó máa ń gba àwòrán díẹ̀ kí ọlọ́pàá tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń gba ohùn. A ò gbọ́ nǹkan kan. A rí Lavon nílẹ̀, a rí ajá tó ń bọ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa, Ìyáàfin Tinsley. Apá wo ni ọmọ yín kọ́kọ́ nà?"

Mo rí i. Gbogbo wa rí i. Ọ̀tún ni.

"Ọ̀tún," ni Orvella wí.

"Ẹ sọ fún wa pé apá tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lẹ máa ń fi pa mọ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ yín, àbí? Ọ̀tún ló wá yẹ kó nà, ó sì nà án. Tó bá fi í síbẹ̀, bóyá mo lè gba àṣà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibí yìí. Ó fa ọ̀tún sẹ́yìn, ó ju òsì jáde, ọwọ́ tó lágbára. Ó fẹ́ lu ajá ni, Ma. Ó ń jà. Ajá sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ."

Wọ́n dá àwòrán náà dúró. Ojú Lavon ò sí lọ́dọ̀ ajá nínú rẹ̀. Ó ti yí orí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Mo wo Orvella, mo rí i pé òun náà ti rí ibi tí ọmọ rẹ̀ ń wò. Lavon gbọ́ ọ. Ó ti ń gba apá rẹ̀ là, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Adájọ́ bi Orvella bóyá ó fẹ́ mu omi. Lavon jókòó ti lọ́yà rẹ̀, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ sí ìyá rẹ̀ pé kó má sọ ọ́.

"Kò lu ajá," ni Orvella wí.

"Ma, àwòrán ń fi hàn pé…"

"Àwòrán yín yadi. Èmi wà níbẹ̀. Mo pariwo sí i pé apá òsì. Mo gbàgbé pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọmọ tí mo fi ọmú mi wò, mo gbàgbé. Bí wọ́n ṣe pariwo sí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé náà ni mo ṣe pariwo sí i. Ọmọ mi mọ ohun tó dáa fún un, ó ti nà án, ó wá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu." Ohùn rẹ̀ ti gòkè, ohùn tí a ò gbọ́ láti ìgbà tó ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀.

Haskell ní jẹ́jẹ́, "Nígbà náà, Ma, kì í ṣe ìlú ló ní kó na apá sí ajá. Ẹ̀yin ni."

"Èmi ni."

"Ẹ ṣeun, Ma."

"Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ajá yín ló kọ́ wọn. Ẹ ti bù wá jẹ débi pé èmi, ìyá ọmọ, ń bá yín yan ibi tí ẹ máa bù jẹ."

Haskell jókòó.

Ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń dá ẹjọ́ náà pa dà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àṣà ìlú Cutler Ferry ni, wọ́n sì ní kí ìlú dáhùn fún apá Lavon Tinsley. Lọ́yà Cobb ń sunkún. Idella jó níwájú kóòtù títí bàtà rẹ̀ kan fi bọ́. Èmi náà pariwo, mi ò ní sọ pé mi ò pariwo. Bí a ṣe ń yọ̀ ni mo wá ojú Orvella, mi ò rí i. Ó ti lọ jókòó sínú mọ́tò mi, ó di báàgì mọ́ àyà. Lavon ti ṣílẹ̀kùn, ó jókòó tì í. Mo dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, wọ́n ti yí gíláàsì wíńdò rẹ̀ wálẹ̀, mo dúró.

"O ní o ò rántí," ni Orvella wí fún un.

"Mo rántí."

"O gbọ́ mi."

"Mo gbọ́ yín, Màmá. Mi ò gbọ́ ẹlòmíì."

"Kí ló dé tí o gbọ́ mi? O mọ̀ pé òsì ni ọwọ́ ẹ. O ti na ọ̀tún."

Lavon fi ọwọ́ tí kò ká mọ́ yẹn nu ojú ìyá rẹ̀. Kò rí i ṣe dáadáa, omi ojú náà kàn ràn kiri ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni. "Ìyá mi lẹ jẹ́," ló wí. "Mo rò pé ẹ rí nǹkan tí mi ò rí. Ẹ má bẹ̀ mí, Màmá. Tí ẹ bá tún pariwo lọ́la, màá tún gbọ́."

Orvella di ọwọ́ náà mú, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì dì í.

"Má gbọ́ mi mọ́," ló wí. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má gbọ́ mi mọ́."